Wọ́n Ní Ìṣirò Ló Yọ Ẹgbẹ́ Wa Kúrò Nínú Ìgbìmọ̀ Ìṣúná. Ṣé Lóòótọ́ Ni?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣèlú kékeré kan. Ilé aṣòfin wa ní àga 120. Ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba ní 58, ẹgbẹ́ alátakò tó tóbi jù ní 37, ẹgbẹ́ kẹta ní 16, àwa ní 9. Nígbà tí wọ́n ń pín àga ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìṣúná wò, tó jẹ́ ti èèyàn 11, wọ́n fún ẹgbẹ́ ìjọba ní 6, alátakò ńlá ní 4, ẹgbẹ́ kẹta ní 1, wọ́n sì fi àwa sílẹ̀ lófo. Mo lọ bá akọ̀wé ilé, ó ní kò sí ìkórìíra níbẹ̀, pé ìṣirò d'Hondt ló sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó tún dùn mí ni pé àwọn alátakò ẹlẹgbẹ́ wa ò tilẹ̀ la ẹnu. Àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ ká gba kóòtù lọ. Kí lẹ rí sí i?"

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ nọ́ńbà sí i. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi irú ẹjọ́ yìí sùn mí kì í kọ nọ́ńbà rárá, ìbínú nìkan ni wọ́n máa ń kọ ránṣẹ́. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Tẹnu yín nìkan ni mo sì gbọ́, n kò rí ìwé òfin ìlànà ilé yín. Ṣùgbọ́n 58, 37, 16 àti 9 ṣeé ṣírò láìbi ẹnikẹ́ni léèrè, mo sì ti ṣírò wọn. Akọ̀wé ilé kò parọ́ fún yín. Bí èèyàn bá fi ìlànà d'Hondt pín àga 11, ohun tí wọ́n kà fún yín gan-an ló máa já sí. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé ìlànà d'Hondt kò rìn wọlé fúnra rẹ̀, nọ́ńbà 11 náà kò sì já bọ́ láti ọ̀run. Àwọn kan ló yàn wọ́n, ìbò ni wọ́n sì fi yàn wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó mú bírò láti ṣírò ohunkóhun. Ìbò yẹn ni ẹ pàdánù, bóyá ẹ wà nínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà tàbí ẹ kò sí.

Ẹ jẹ́ ká wo bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Victor D'Hondt, ọmọ ilẹ̀ Belgium, ló gbé ìlànà yìí kalẹ̀ ní 1878. Wọ́n á mú iye àga tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nínú ilé, wọ́n á pín in sí 1, sí 2, sí 3, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Èsì tó bá ga jù lọ ni yóò gba àga àkọ́kọ́, èyí tó tẹ̀ lé e á gba ìkejì, títí àga á fi tán. Ti ẹgbẹ́ ìjọba á jẹ́ 58, 29, 19.33, 14.5, 11.6 àti 9.67. Ti alátakò ńlá á jẹ́ 37, 18.5, 12.33 àti 9.25. Ti ẹgbẹ́ kẹta á jẹ́ 16, lẹ́yìn náà 8. Tiyín jẹ́ 9. Ẹ to gbogbo wọn láti òkè wá sílẹ̀, ẹ ó rí i pé 9.67 ló mú àga kẹwàá, 9.25 sì mú ìkọkànlá. Ẹ̀yin ni ìkejìlá, nínú ìgbìmọ̀ tí kò ní àga kejìlá. Ìdá mẹ́rin kan péré ló là yín láàárín. Ká ní aṣòfin ẹyọ kan fi ẹgbẹ́ alátakò ńlá sílẹ̀ wá bá yín lọ́jọ́ tó ṣáájú ìpín, tiyín á di 10, àga kẹwàá á sì jẹ́ tiyín.

Ìlànà d'Hondt a máa ti ẹgbẹ́ ńlá lẹ́yìn. Kì í ṣe ẹ̀sùn ni mo fi kàn án, bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn, àwọn tó sì fẹ́ràn rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ torí pé kì í jẹ́ kí ilé fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ló wà. Ní 1910, Sainte-Laguë, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Faransé, gbé òmíràn jáde tó jọ ọ́: dípò kí a pín sí 1, 2, 3, a ó pín sí 1, 3, 5, 7. Mo fi nọ́ńbà yín sínú rẹ̀: ẹgbẹ́ ìjọba rí 5, alátakò ńlá rí 3, ẹgbẹ́ kẹta rí 2, ẹ̀yin rí 1. Ọ̀nà kẹta, tí wọ́n ń pè ní Hare/Niemeyer, kò tilẹ̀ nílò ìpín lóríṣiríṣi. Ẹ mú 9, ẹ fi 11 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ pín in sí 120, ó jẹ́ 0.825. Ìyẹn ni ẹ̀tọ́ yín bó ṣe rí ní ìhòòhò. Ti ẹgbẹ́ ìjọba jẹ́ 5.32. Ìlànà yìí á kọ́kọ́ fún olúkúlùkù ní odidi tó tọ́ sí i, àga tó bá ṣẹ́kù á wá lọ sọ́dọ̀ ẹni tí àṣẹ́kù rẹ̀ pọ̀ jù. Òun náà fún yín ní 1, èsì rẹ̀ sì bá ti Sainte-Laguë mu pátá. Nítorí náà, ẹni tó yẹ kó gba 5.32 gba 6, ẹni tó yẹ kó gba 0.825 gba òfo, gbogbo rẹ̀ sì bófin mu bí òfin ìlànà ilé bá ti dárúkọ d'Hondt. Ilé aṣòfin Jámánì, Bundestag, lo d'Hondt fún ìgbìmọ̀ rẹ̀ títí di 1970, ó bọ́ sí Hare/Niemeyer, nígbà tó sì di 1980 ó bọ́ sí Sainte-Laguë, orí rẹ̀ ló sì wà títí di báyìí. Ẹni tó bá sọ fún yín pé a kì í pa ìlànà dà, ẹ fi èyí hàn án.

Kí n má tàn yín ṣá o. Kò sí ìlànà tí kò ní ẹni tó máa ṣubú sí etí rẹ̀. Nínú Sainte-Laguë tí mo ṣírò yẹn, 5.33 ni ẹgbẹ́ kẹta fi gba àga ìkọkànlá, alátakò ńlá ní 5.29, ẹgbẹ́ ìjọba ní 5.27. Bí irun orí ni. Bí ẹ bá ń jà fún un, ẹ mọ̀ pé àwọn méjèèjì yẹn á ní ọ̀rọ̀ láti sọ.

Ohun tó ká mi lára jù nínú lẹ́tà yín, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ má mẹ́nu bà á. Ẹgbẹ́ ìjọba ní 58 nínú 120. Kò tó ìdajì. Nínú gbọ̀ngàn ńlá, bí ẹ̀yin mẹ́ta yòókù bá para pọ̀, 62 ni yín, ẹ lè dá orí ìnáwó èyíkéyìí padà. Ṣùgbọ́n nínú ìgbìmọ̀, ẹgbẹ́ ìjọba ní 6 nínú 11. Ó ti di ọ̀pọ̀ níbẹ̀, ìyẹn ni pé ó ju ìdajì lọ, láìjẹ́ pé olùdìbò kankan sọ ọ́ di ọ̀pọ̀. Ó lè fi ìbò tirẹ̀ nìkan pinnu ẹni tí wọ́n máa pè wá jẹ́rìí, ìwé tí wọ́n máa béèrè, àti ohun tí ìjábọ̀ á sọ. Àga kan tí ẹ pàdánù kéré sí èyí. Bí mo bá jẹ́ yín, ohun tí mo máa gbé síwájú gan-an nìyẹn, torí ó kan ẹgbẹ́ kẹta náà, ó sì kan gbogbo olùdìbò tí kò dìbò fún ìjọba.

Èyí náà ló sì tú àdììtú ìdákẹ́ alátakò ńlá. Lábẹ́ Sainte-Laguë, 3 ni wọn ì bá gbà. Lábẹ́ d'Hondt, 4 ni wọ́n gbà. Ẹgbẹ́ ìjọba pẹ̀lú 58 kò lè dá mú ìlànà wọlé, ó kéré tán 61 ni wọ́n nílò bí gbogbo ilé bá pé. Ẹnì kan ràn wọ́n lọ́wọ́, ẹgbẹ́ kẹta kọ́ ló sì jèrè, torí 2 tirẹ̀ ló di 1. N kò sọ pé wọ́n pàdé lóru. Àwọn ẹgbẹ́ ńlá kì í nílò ìpàdé òru lórí irú nǹkan báyìí, ojú wọn ti mọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ á já sí. Ẹ lọ ka àkọsílẹ̀ ìbò ọjọ́ tí wọ́n gba òfin ìlànà wọlé, kí ẹ wo ẹni tó gbé ọwọ́ sókè, kí ẹ tó máa pe ẹnikẹ́ni ní ẹlẹgbẹ́.

Ẹgbẹ́ ìjọba ní àwíjàre tirẹ̀, kò sì dára ká fi ṣẹ̀rín. Wọ́n á ní ìṣúná ni ẹ̀mí ìjọba, pé bí ìgbìmọ̀ bá ń já a gbà lójoojúmọ́, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ gan-an lè dúró. Ìyẹn gbọ́ sétí. Ní September 2017, nígbà tí ẹgbẹ́ Conservative ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní ọ̀pọ̀ nínú ilé mọ́, ilé gba àbá kan wọlé tó fún ìjọba ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìgbìmọ̀ tó ń yẹ àbá òfin wò, níbi tí iye ọmọ ìgbìmọ̀ bá ti jẹ́ nọ́ńbà tí kò ṣeé pín sí méjì. Àwọn alátakò pariwo, ó sì wọlé. Ọ̀nà míì ni wọ́n gbà ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí Sẹ́nétọ̀ di 50 sí 50 ní 2001, àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní 2021, wọ́n pín àga ìgbìmọ̀ dọ́gba. Ìgbìmọ̀ ìṣúná Sẹ́nétọ̀ jẹ́ 11 sí 11 ní 2021. Bí ìbò bá sì dọ́gba nínú ìgbìmọ̀, ọ̀nà wà láti gbé ọ̀rọ̀ náà jáde sí gbọ̀ngàn ńlá. Ìjọba kò dúró. Mo fẹ́ràn ti Amẹ́ríkà nínú ọ̀ràn yìí ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, torí pé ó jẹ́ kí ìgbìmọ̀ dà bí ilé, ó wá wá ojútùú sí ìdádúró níbòmíràn.

Àwọn ará Jámánì tilẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ilé ẹjọ́. Ìgbìmọ̀ kan wà níbẹ̀ tó máa ń làjà láàárín ilé méjèèjì, Bundestag ló sì ń yan 16 nínú àwọn tó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìdìbò 2002, ìṣirò gidi kò fún àwọn tó ń ṣèjọba ní ọ̀pọ̀ nínú 16 yẹn, ni wọ́n bá fi àga kan kún ti ẹgbẹ́ SPD, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣèjọba. Ní December 2004, ilé ẹjọ́ tó ń rí sí ìwé òfin ilẹ̀ náà ní a lè ro ti ọ̀pọ̀ tó ń ṣèjọba lóòótọ́, àmọ́ a kò gbọdọ̀ tìtorí ẹ̀ gbàgbé pé ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ jọ ilé bí àwòrán inú dígí ṣe jọ ojú. Ó ní kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò. Ẹ má gbàgbé pé àwọn tí ilé ẹjọ́ ń bá wí yẹn ní ọ̀pọ̀ nínú ilé ní tòótọ́. Àwọn tiyín kò ní.

Ẹ lè wá béèrè bóyá ẹ̀tọ́ yín ni àga kan jẹ́. Ìdáhùn mi ni pé ó sún mọ́ ẹ̀tọ́, kò tíì dé ibẹ̀. Ẹjọ́ mẹ́ta ni mo máa ń fi yẹ irú ìbéèrè yìí wò, Jámánì ni gbogbo wọn ti wá, torí àwọn ni wọ́n ń pe ara wọn lẹ́jọ́ jù lórí ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀. Ẹgbẹ́ Greens wọ Bundestag fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 1983. Àwọn èèyàn 5 péré ni ilé fa ìṣúná àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lé lọ́wọ́, wọn kò sì yan Greens kankan sí i. Ní January 1986, ilé ẹjọ́ ní kò burú, torí àṣírí ìlú. Méjì nínú àwọn adájọ́ kò gbà, wọ́n sì kọ èrò tiwọn sílẹ̀. Ẹjọ́ kejì, ní June 1989, jẹ́ ti aṣòfin kan tó ti kúrò láàárín ẹgbẹ́ tó bá wọlé. Ilé ẹjọ́ ní kò sí aṣòfin tí a lè ti mọ́ ẹ̀yìn gbogbo ìgbìmọ̀. Ó gbọ́dọ̀ ní ibì kan tó ti lè jókòó, kó sọ̀rọ̀, kó dábàá, bí kò tilẹ̀ ní ìbò níbẹ̀, torí pé ìbò ẹnìkan ṣoṣo á tẹ̀wọ̀n ju bó ṣe tẹ̀wọ̀n nínú ilé lọ. Ẹjọ́ kẹta ló lágbára jù. Nígbà wàhálà owó euro, Bundestag fẹ́ kí èèyàn 9, tí wọ́n mú láti inú ìgbìmọ̀ ìṣúná tó ní 41, máa dá ìpinnu ṣe lórí owó ìrànwọ́ tí àṣírí tàbí ìkánjú bá wà nínú rẹ̀. Ní February 2012, ilé ẹjọ́ ní rárá. Ọ̀rọ̀ ìṣúná jẹ́ ti gbogbo aṣòfin, wọn kò lè fi í sọ́wọ́ èèyàn 9 àyàfi ní ibi tóóró kan tí àṣírí ti jẹ́ dandan.

Bí ẹ bá ti to àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ẹ ó rí ibi tí ẹ dúró sí. Bí ìgbìmọ̀ yín bá kàn ń dámọ̀ràn tí gbogbo ilé sì ń dìbò lẹ́yìn rẹ̀, àìsí yín níbẹ̀ dùn, àmọ́ ohùn yín ṣì wà. Ní Nàìjíríà, fún àpẹẹrẹ, abala 62 nínú ìwé òfin 1999 sọ ọ́ kedere pé ilé kò lè fi agbára láti sọ àbá di òfin lé ìgbìmọ̀ lọ́wọ́, ìmọ̀ràn ni tirẹ̀. Bí ìgbìmọ̀ bá sì lè dá fọwọ́ sí ìnáwó, tàbí kó dá gbà kí wọ́n yí owó láti orí kan sí òmíràn láàárín ọdún, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ pátápátá. Ẹ lọ ka òfin ìlànà yín dáadáa ní ibi tó ti sọ nípa yíyí owó láti orí kan sí òmíràn. Ibẹ̀ ni agbára máa ń fara pamọ́ sí, torí ó máa ń dà bí ọ̀rọ̀ akọ̀wé lásán.

Ìyàtọ̀ kan tún wà tí ó pọn dandan kí ẹ ṣe. Àwọn ìgbìmọ̀ kan ń yẹ owó wò kí wọ́n tó ná an, àwọn mìíràn ń yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn tí wọ́n ti ná an. Ẹ pe tiyín ní ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìṣúná wò, ìyẹn lè jẹ́ èyíkéyìí. Ti àkọ́kọ́ ni ìjọba máa ń di mú ṣinṣin, ó sì ní ìdí. Ti ìkejì, ìjọba kò ní ìdí gidi kan láti jẹ gàba lé e, torí pé iṣẹ́ òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Nítorí náà ni ilé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó dá ìgbìmọ̀ Public Accounts sílẹ̀ ní 1861, fi máa ń fi alága rẹ̀ fún alátakò. Íńdíà ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti 1967. Èèyàn 22 ni tiwọn, 15 láti ilé ìsàlẹ̀, 7 láti ilé òkè, mínísítà kankan kò sì lè wà níbẹ̀. Wọn kì í fi nọ́ńbà pín in látòkè, ìbò onípele tó ń pín àga bí agbára ẹgbẹ́ ṣe tó ni àwọn aṣòfin fúnra wọn ń di. Bí tiyín bá jẹ́ irú èyí, ẹ fi àpẹẹrẹ àwọn wọ̀nyí gbá ìjọba mú: ẹgbẹ́ tí wọ́n ń yẹ owó tó ná wò kò gbọdọ̀ ní 6 nínú 11 àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ṣùgbọ́n ẹ má gbé gbogbo ara lé àṣà. Ní Bundestag, àṣà ni tẹ́lẹ̀ pé ẹgbẹ́ alátakò tó tóbi jù ló ń ṣe alága ìgbìmọ̀ ìṣúná. AfD, ẹgbẹ́ òṣèlú kan níbẹ̀, ṣe é láti 2018 sí 2021 lábẹ́ àṣà yẹn. Nígbà tó yá, àwọn ẹgbẹ́ tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í dìbò ta ko àwọn tí AfD bá fà kalẹ̀ fún ipò alága ìgbìmọ̀. AfD gbé e lọ sílé ẹjọ́, ní September 2024 ilé ẹjọ́ ní ilé lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ìbò yan alága. Ní 2025, wọ́n tún jẹ́ alátakò tó tóbi jù, ipò alága ìgbìmọ̀ ìṣúná kò sì kàn wọ́n. Ohun yòówù kí èèyàn rò nípa ẹgbẹ́ náà, ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún akọ̀wé ẹgbẹ́ kékeré ni pé ohun tí kò bá sí nínú ìwé, ọjọ́ tó bá wu àwọn tó pọ̀ ni wọ́n lè gbà á padà.

Kí lẹ lè ṣe báyìí? Ohun àkọ́kọ́ tó máa ń wá síni lọ́kàn ni kí wọ́n fi àga kún un. Ẹ béèrè 13. Lábẹ́ d'Hondt yẹn kan náà, àga kejìlá jẹ́ tiyín, ìkẹtàlá á sì lọ sí ẹgbẹ́ ìjọba: 7, 4, 1, 1. Ó rọrùn láti gbà torí kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, mo sì gbà pé òun ni wọ́n á kọ́kọ́ fi lọ̀ yín. Ẹ ṣọ́ra. Ẹ ó ti rí àga, ìjọba á sì ní 7 nínú 13, ọ̀pọ̀ èké yẹn á ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀yin náà á sì ti fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá dúró lórí 12, ó jẹ́ 6, 4, 1, 1, ìjọba ní ìdajì gééré. Ìjọba kì í fẹ́ nọ́ńbà tó ṣeé pín sí méjì, ẹ sì ti mọ ìdí rẹ̀. Lójú tèmi, 13 pẹ̀lú Sainte-Laguë ni kí ẹ gbé síwájú. Ó jẹ́ 6, 4, 2, 1. Alátakò ńlá kò pàdánù àga kankan níbẹ̀, 4 wọn dúró, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè fi kọ̀ ọ́ lójú gbogbo ayé. Ẹgbẹ́ kẹta gba 2. Ẹ̀yin mẹ́ta ní 7, bí ẹ ṣe ní 62 nínú ilé.

Bí wọ́n bá kọ̀ láti pa ìlànà dà, ẹ lọ bá ẹgbẹ́ kẹta kí ẹ jọ fi orúkọ sílẹ̀ bí àwùjọ kan fún ti ìgbìmọ̀ nìkan, bí òfin ìlànà yín bá gbà á láyè. 16 àti 9 jẹ́ 25. Pín in sí 1 àti 2, ó jẹ́ 25 àti 12.5, àga méjì ni nínú 11 àní lábẹ́ d'Hondt. Ẹ kíyè sí ẹni tó pàdánù o: alátakò ńlá ló bọ́ láti 4 sí 3, ẹgbẹ́ ìjọba ṣì jókòó lórí 6. Ẹ ó gba àga yín lọ́wọ́ ẹni tí ẹ ń pè ní ẹlẹgbẹ́, wọ́n á sì rántí. Ìyẹn kì í ṣe ìdí láti má ṣe é, àmọ́ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó ṣe é.

Ìṣirò kan tún wà tí àwọn ẹgbẹ́ kékeré kì í sábà rántí béèrè. Ká ní ilé yín ní ìgbìmọ̀ 15, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní èèyàn 11. Àga 165 nìyẹn lápapọ̀. Ìpín yín nínú 165 jẹ́ 12 àti díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń ṣírò d'Hondt lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan, òfo ni ní àkọ́kọ́, òfo ni ní ìkejì, títí dé ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Ẹgbẹ́ ìjọba tó yẹ kó gba bí 80 á gba 90. Àṣìṣe kékeré kan náà ni wọ́n ń tún ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ ní kí wọ́n ṣírò gbogbo rẹ̀ pa pọ̀, kí wọ́n wá jẹ́ kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan ibi tó fẹ́ jókòó ní ìtẹ̀léntẹ̀lé. Nígbà náà, ẹ lè fi ìgbìmọ̀ eré ìdárayá àti ti ìrìn-àjò afẹ́ sílẹ̀, kí ẹ gba ti ìṣúná. Kò sí ohun tí mo rí tó máa ń tètè yí ọkàn akọ̀wé ilé padà bí kí wọ́n gbé tábìlì òfo mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ka iwájú rẹ̀.

Bí gbogbo èyí bá kùnà, ẹ béèrè àga tí kò ní ìbò, pẹ̀lú ẹ̀tọ́ láti gba gbogbo ìwé. Ẹ má fojú kéré rẹ̀. Ní ìgbìmọ̀ ìṣúná, ìwé ló ṣe pàtàkì jù. Ojú ewé kan lè ní ìlà tó tó ogójì: owó oṣù, epo mọ́tò, àtúnṣe ilé, ìrìn-àjò, ìdálẹ́kọ̀ọ́, lẹ́yìn náà ìlà kan tí wọ́n pè ní "ìnáwó mìíràn" tó ga ju epo mọ́tò àti àtúnṣe ilé lápapọ̀. Alága á ka àkọlé orí ìnáwó náà, á béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀, á gbójú sókè díẹ̀, á fi òòlù kan tábìlì, wọ́n ti kọjá. Ẹni tó ti ka ìwé yẹn lálẹ́ àná tó sì wà lórí àga nìkan ló lè sọ pé "ẹ dúró ná". Bóyá ó ní ìbò tàbí kò ní, ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ náà á ṣàlàyé, àlàyé rẹ̀ á sì wọ àkọsílẹ̀. Èyí ló mú kí n máa sọ fún àwọn ẹgbẹ́ kékeré pé kí wọ́n má rán ẹni tí orúkọ rẹ̀ dún jù lọ síbẹ̀. Aṣòfin 9 ni yín, gbogbo yín ló ti ní iṣẹ́ níbòmíràn. Ẹni tó lè jókòó ti nọ́ńbà fún wákàtí mẹ́rin láìsùn ni kí ẹ fi síbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló kéré jù nínú yín. Ẹ tún béèrè ẹ̀tọ́ láti fi ìjábọ̀ àwọn tó kéré mọ́ ẹ̀yìn ìjábọ̀ ìgbìmọ̀, kí ẹ sì béèrè pé kí wọ́n kọ ọ́ sínú òfin ìlànà.

Ní ti kóòtù tí àwọn ọ̀dọ́ yín ń sọ, ẹ má tíì lọ. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, adájọ́ kì í fẹ́ wọ inú ìṣètò ilé aṣòfin, àyàfi bí ìwé òfin ìlú bá sọ̀rọ̀ kan pàtó lórí rẹ̀. Ẹni tó mọ ìwé òfin ilẹ̀ yín ló lè sọ ìyẹn fún yín, kì í ṣe èmi. Bí ẹ bá ní láti lọ, ọ̀pọ̀ èké yẹn ni kí ẹ gbé lọ, 58 nínú 120 tó di 6 nínú 11, torí bí ẹ bá gbé àga kan ṣoṣo tiyín lọ, wọ́n á kàn ka ìlànà d'Hondt fún yín bí akọ̀wé ilé ṣe kà á. Kí ẹ tó dé ibẹ̀, ẹ kọ lẹ́tà sí akọ̀wé ilé láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ béèrè fún mẹ́ta: ọjọ́ tí wọ́n gba 11 àti d'Hondt wọlé, àkọsílẹ̀ ìbò ọjọ́ náà, àti ìṣirò gbogbo ìgbìmọ̀ lójú ewé kan. Ẹ rí i pé ẹ gba èsì kí ìjọba tó gbé ìwé ìṣúná wá síwájú ilé, torí pé bí ìgbìmọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó lé e lórí, wọ́n á ní kí ẹ dúró di ọdún tó ń bọ̀.